Bébà Méjìlélógún Lọ́wọ́ Olóòlà

Ẹnu Rachel ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Rachel kì í ṣe ọmọ agbo ilé Olóòlà ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ayálégbé ni, ó ń ránṣọ nínú yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ilé, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan lọ́nà Kúdẹtì. Ó di ọjọ́ kẹta tí ọmọbìnrin oníwádìí kan ti wá gba ẹ̀jẹ̀ lára ogún èèyàn nínú ilé náà, Rachel dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀jẹ̀ ogún èèyàn, tèmi náà wà níbẹ̀, ló bọ́ sínú báàgì lọ yẹn. Ta nínú yín ló mọ ibi tó wà báyìí?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì pẹ́ hu ìyẹ́. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti dé Èkó. Nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tán, ó ti di pé òyìnbó kan ń fi í pa aṣọ láró pupa.

Òótọ́ ibẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1989 ni. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń tọ ẹ̀jẹ̀, àwọn oníwádìí sì ní aràn kan tó wà nínú odò Kúdẹtì ló ń gba awọ ara wọlé sí wọn lára. Ọmọbìnrin tó wá gba ẹ̀jẹ̀, Bọ́lájí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, ó ń kàwé gboyè ní yunifásítì. Ó ti sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí òun ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Wọ́n rò pé ó kàn ń fi dùn wọ́n nínú ni. Ní báyìí, àwọn àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ.

"Àkíbù ni kó lọ," ni baálé ilé wí. "Ẹ̀jẹ̀ kì í ba Àkíbù lẹ́rù."

Olóòlà ni Àkíbù, ọmọ olóòlà, ọmọ ọmọ olóòlà. Láti kékeré tí bàbá rẹ̀ ti fi abẹ lé e lọ́wọ́, kò sí irú ilà tí kò kọ sójú èèyàn: àbàjà, pélé, gọ̀m̀bọ́, kẹ́kẹ́. Tó bá ń kọjá lọ ní Ọjà'ba, ó máa ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú àwọn èèyàn, á sì máa dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí sunkún jù, èyí yíjú lọ́wọ́ òun, ìdí nìyẹn tí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ fi wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Àwọn tó kàwé kò fẹ́ kí abẹ kan ojú ọmọ wọn mọ́, nọ́ọ̀sì ló sì ń dábẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gbé ọmọ wá bá Àkíbù kẹ́yìn. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, síṣọ́ọ̀sì àwọn télọ̀ ló ń pọ́n, ó sì ń wo àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ tí ojú wọn ń dán láìní ilà, bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń wo ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí.

Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, lọ bùbá rẹ̀ fún un. "Bàbá Sìdí," ó ní, nítorí Sìdí ni àkọ́bí wọn, "ẹ wò ó dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà gbé yín lọ."

Yàrá àyẹ̀wò náà wà lókè ilé alájà kan ní Bẹẹrẹ. Ilé ìtẹ̀wé ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ wọn sì ń ró gbàù-gbàù láti àárọ̀. Àkíbù gun àtẹ̀gùn, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dókè. Bọ́lájí ló ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí i, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni wọ́n rán wá?"

"Èmi ni. Wọ́n ní kí n wá wo ẹ̀jẹ̀ wa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé."

Ó ṣí fíríìjì, ó fa àtẹ kan jáde tí ìgò kéékèèké kún inú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ìka kékeré lọ. Bọ́lájí ń pe orúkọ, Àkíbù ń ka iye. Ogún pé. Ṣùgbọ́n Àkíbù mú ọ̀kan, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó sì fajú ro.

"Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ òróró ló ní."

"Omi ojú ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá. A jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì, a wá…"

"Mo ti gbọ́," ni Àkíbù wí. "Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú igbá, irú omi yìí máa ń sun wá sójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dà á nù." Ó dá ìgò náà padà sáyè rẹ̀. "Kí lo wá ń fi ṣe?"

Bọ́lájí fa àga fún un, ó rò ó wò díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń fi ìwé yangàn fún àgbàlagbà.

"Bàbá, ẹ rí àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò? Irú wọn wà nínú omi yìí. Tí olè kan bá ti wọ ara èèyàn rí, àwọn ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í gbàgbé ojú olè náà mọ́, ì báà tó ogún ọdún. Èmi wá mú aràn odò yẹn, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo tú gbogbo purotéènì, àwọn èròjà tó kó ara rẹ̀ jọ, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí mo bá gbé wọn síwájú àwọn ọlọ́dẹ yín, tí wọ́n bá dá wọn mọ̀, wọ́n á dì wọ́n mú. Ìgbà náà ni màá mọ̀ pé aràn ti wọ ara yín rí."

"Tí wọn ò bá dá wọn mọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò wọlé rí nìyẹn."

Ó yé Àkíbù. Ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bọ́lájí mú dígí méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ là wọ́n. Ohun kan wà láàárín wọn tó mọ́ gaara, tó fẹ́lẹ́ bí ewé, tó sì ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù. Ó ní jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ sì ni purotéènì aràn náà wà. Iná ló ti fà wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀ láàárọ̀ yẹn: àwọn tó kéré ti sáré lọ jìnnà, àwọn tó tóbi há sẹ́yìn.

"Bí èrò Ọjà'ba," ni Àkíbù wí. "Ọmọdé á gba abẹ́ apá èèyàn kọjá, ẹni tó ru ẹrù á dúró."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò da omi ẹ̀jẹ̀ wa sórí ẹ̀kọ yìí báyìí?"

"Àwọn ọlọ́dẹ yẹn ò lè wọ inú rẹ̀. Ó sì máa ń ya. A ní láti kó àwọn purotéènì náà kúrò níbẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n lè wà níta gbangba."

Ó fi ẹ̀mú fa bébà funfun kan yọ nínú àpòòwé. Ó tẹ́jú, ó sì ń dán díẹ̀. Àkíbù na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òróró ọwọ́ yín á hàn lára rẹ̀. Èyí nìkan ló sì kù lọ́wọ́ wa. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, òmíràn di oṣù kẹta òní."

Àkíbù ká ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Bọ́lájí tẹ́ fóòmù sínú omi, ó tẹ́ bébà tó ń fa omi lé e, ó gbé jẹ́ẹ̀lì lé ìyẹn, ó wá rọra da bébà funfun náà bo jẹ́ẹ̀lì lórí. Lẹ́yìn náà ló mú ìgò gígùn kan tó rí róbótó, ó ń yí i lọ lórí bébà náà láti àárín wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

"Kí lò ń lé kiri?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá. Tí afẹ́fẹ́ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ bá há sáàárín àwọn méjèèjì, nǹkan kan ò ní kọjá níbẹ̀. Ojú ibẹ̀ á ṣófo."

Àkíbù mi orí. Ó rántí pé òun náà, tóun bá fẹ́ kọlà fún ọmọ, òun a kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tẹ́. Awọ tó bá ká, abẹ á fò ó. Ó wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì rí i pé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tó ti fi bébà àti fóòmù mìíràn bò ó, tó sì dì í pọ̀, ó gbé e sínú àpótí oníke kan tí omi kún inú rẹ̀. Wáyà méjì jáde lára àpótí náà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Bọ́lájí ṣàlàyé pé iná ló máa ti purotéènì jáde nínú jẹ́ẹ̀lì, apá wáyà pupa sì ni gbogbo wọn máa ń sá lọ. Bébà gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n lápá ibẹ̀. Tí òun bá gbé e lódì, inú omi ni wọn yóò sá gbà, wọ́n lọ nìyẹn. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, ó wá bi Àkíbù pé, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Apá ibo ni bébà wà?"

"Apá pupa."

Ìgbà náà ló tan iná. Ìfóófòó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Ó ní wákàtí kan àbọ̀ ni àwọn máa fi dúró. Ó ránṣẹ́ ra àkàrà àti ẹ̀kọ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Àkíbù jẹ àkàrà nìkan. Ó ní lẹ́yìn ohun tí òun rí láàárọ̀ yìí, ẹ̀kọ di ọ̀la.

Nígbà tí wọ́n tú u, bébà náà funfun bí wọ́n ṣe gbé e wọlé gẹ́lẹ́. Àkíbù rò pé iná ti tàn wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n Bọ́lájí da omi pupa kan lé e, ó mì ín, ó sì ṣan díẹ̀ kúrò. Àkíbù dìde lórí àga. Ìlà ló kún ojú bébà náà, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo wọn dùbúlẹ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì lọ láti etí kan dé èkejì láìyẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. "Ta ló kọ ọ́?"

"Iná ló kọ ọ́, Bàbá."

Ó fi ojú tẹ̀lé ìlà kan dé etí kejì. "Ọwọ́ iná yìí gún ju tèmi lọ," ó ní.

Àwọ̀ pupa náà kò pẹ́. Bọ́lájí fi omi ṣàn án lọ, ó ní wíwò lásán ni. Ó gé igun òkè bébà náà lápá òsì kí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà dàrú mọ́ òun lójú. Ó fẹ́ là á sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ méjìlélógún, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sì fi méjì tó kù ṣe ẹ̀rí, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹni tó dájú pé aràn ti wọ̀ lára, ọ̀kan ní ìparí fún ti ẹni tó dájú pé kò wọ̀ lára rí. Ó wá pẹ́ńsù tì. Ó wá rúlà tì. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ ti yá méjèèjì lọ lánàá. Ni ó bá fi báírò kọ nọ́ńbà sórí bébà náà, ó mú abẹ ìfárùngbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e pẹ̀lú ìfojúdíwọ̀n.

Àkíbù ń wò ó, ó sì ń fi eyín mú ètè. Ó rí i pé tí abẹ bá ti dé àárín, ọmọbìnrin náà á mí jáde, abẹ á sì tẹ̀ sí òsì díẹ̀. Ó mú un mọ́ra títí dé orí ìkejìlá.

"Abẹ yẹn ti kú," ó ní. "Wo bó ṣe ń fa bébà tu. Pààrọ̀ rẹ̀. Má sì máa mí tí o bá ń gé."

Bọ́lájí rẹ́rìn-ín, ó pààrọ̀ abẹ, ó sì gé ìyókù. Ó kó wọn sínú àtẹ oníke kan tó ní ihò gígùn méjìlélógún, wọ́n tò tẹ̀léra bí ebè oko. Ó wá po mílíìkì oníyẹ̀fun.

"Ṣé a fẹ́ mu tíì ni?"

"Bébà ló fẹ́ mu ún, Bàbá. Ohunkóhun tó bá kàn án ló máa ń dì mú. Mílíìkì ló máa gba gbogbo ibi tó ṣófo lára rẹ̀, kí àwọn ọlọ́dẹ má baà jókòó síbi tí kò kàn wọ́n."

Nígbà tí bébà mu mílíìkì yó, ó kán omi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀, ó ń pe orúkọ bó ṣe ń kán an. Ó ní wọn yóò wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àkíbù padà sílé, ó sọ fún baálé pé òun ka ẹ̀jẹ̀ náà, ogún pé, inú fíríìjì ló wà, kò dé Èkó.

"Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?" ni Rachel bi í.

"Wọ́n ń fi mílíìkì fún bébà mu," ni Àkíbù wí, ó sì wọlé lọ.

Ní ọjọ́ kejì, kò sí iná láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Bọ́lájí ní iṣẹ́ ọjọ́ náà kò fẹ́ iná, ó ṣí fèrèsé, ó fọ àwọn bébà náà léraléra, ó sì da oògùn mìíràn sí wọn. Ó ní àwọn ọlọ́dẹ kejì nìyẹn, fìtílà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gbẹ́ àwọn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa lọ dúró sí kí ojú lè rí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn ìkẹyìn. Àkíbù tẹjú mọ́ àtẹ náà. Kò pẹ́, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àwọ̀ elésè àlùkò, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ilà ojú ọmọ bá ń jinná tó sì ń dúdú bọ̀.

"Èyí kọ àbàjà mẹ́ta," ó ní, ó ń fi ìka tọ́ka láìfọwọ́ kàn án. "Èyí kọ mẹ́rin. Eléyìí ọmọ ilé ìwé ni, kò kọ nǹkan kan."

Bọ́lájí rẹ́rìn-ín títí. Ó fi ẹ̀mú kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì kí wọ́n lè gbẹ, ó sì yíjú láti mú ìwé tí yóò kọ wọ́n sí.

Ìgbà náà ni iná dé. Kò sí ẹni tó rántí pé wọn kò tíì pa fáànù òkè láti àná. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbogbo bébà náà dìde lórí tábìlì bí ẹyẹ ẹ̀ga. Ọ̀kan bọ́ sínú bùbá Àkíbù, àwọn kan wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ìyókù fọ́n ká ilẹ̀.

Wọ́n pa fáànù, wọ́n ṣà wọ́n. Méjìlélógún pé. Bọ́lájí yí wọn lójú, ó yí wọn lẹ́yìn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀.

"Nọ́ńbà ti parẹ́, Bàbá. Omi ti fọ báírò lọ."

"Tún un ṣe."

"Bébà ti tán. Oṣù kẹta ni òmíràn ń bọ̀. Mo ṣèlérí fún wọn pé ẹni tí aràn bá wà lára rẹ̀, màá fún un lóògùn lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò mọ ti ta nìwọ̀nyí mọ́." Ó fi bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n á ní irọ́ ni mo wá pa."

Àkíbù wò ó. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ tó jókòó sílẹ̀ báyìí níwájú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ wọ́n létí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀ tó rà ní Ọjà'ba, ó nù ún, ó gbé e wọ̀.

"Dìde," ó ní. "Bá mi fa tábìlì yìí sí fèrèsé. Kí o sì fún mi ní ẹ̀mú yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Bàbá?"

"Ibi tí abẹ bá gbà kọjá, ẹni méjì ló ń fi àpá sí lára: èyí tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì. Ojú ni mo fẹ́ fi wá wọn. Dákẹ́ ná."

Ó kọ́kọ́ ṣa méjì sọ́tọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan lára àwọn yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Bọ́lájí, ó gún jù; ilé iṣẹ́ tó ṣe bébà náà ló gé e bẹ́ẹ̀. Àwọn ló wà létí méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn kò ní igun lókè, ìlà sì kún un. Ó fi ìyẹn sí òsì. Ó fi èkejì, tí kò ní ìlà kankan, sí ọ̀tún pátápátá. Lẹ́yìn náà ló pín ìyókù sọ́nà méjì. Àwọn tí etí wọn hu bí òwú, abẹ tó ti kú ló gé wọn, ìdajì àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn tí etí wọn mọ́, abẹ tuntun ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ó ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà yọ láàárín wọn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, ó mú un kúrò, ó gbé òmíràn síbẹ̀. Tí àárín wọn bá pa dé láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí títẹ̀ tó tẹ̀ sí òsì bá wọ inú ara wọn bí ìgbà tí ìdérí bá wọ ìkòkò, ó fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé ń ró nísàlẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ tí Àṣàkẹ́ máa ń sọ pé ó ti ń gbọ̀n tó bá ń bu omi mu, kò gbọ̀n rárá.

Lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọ̀kan síbì kan, ó wò ó títí, ó tún mú un kúrò. "Ẹni yìí fẹ́ pa irọ́ fún mi," ó ní. Ó gbé e síwájú ní àyè mẹ́ta, ibẹ̀ ló bá a mu.

Ó lé ní wákàtí kan kó tó sinmi. Bébà náà tún di odidi lórí tábìlì, ó wọ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ.

Bọ́lájí kò tíì sọ ohun kan fún un. Ó mọ̀ pé ihò kẹsàn-án lára àtẹ náà ti là, omi sì ti jò nínú rẹ̀ láti alẹ́, tí ìdí bébà ibẹ̀ fi gbẹ tó sì pọ́n. Ó ti rí i láàárọ̀, kò sì sọ ọ́ jáde. Ó fi ìka kà láti òsì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Nígbà tó dé orí ìkẹsàn-án, ìka rẹ̀ dúró. Ìdí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ó tún un kà. Ìkẹsàn-án náà ni.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ṣeun." Ó wá pẹ́ńsù lọ sísàlẹ̀, àtẹ̀gùn ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú ohùn tí wọn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tán, ó ní tí bébà tuntun bá dé lóṣù kẹta, àwọn ará Kúdẹtì ló kàn, ṣé Bàbá lè wá bá òun gé e? Àkíbù ní òun á rò ó. Ó rò ó láti Bẹẹrẹ dé Màpó, ó sì ti gbà kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni Bọ́lájí gbé èsì wá sí agbo ilé Olóòlà pẹ̀lú ìwọ̀n ara, kó lè mọ iye hóró tó tọ́ sí kálukú, àti àpò oògùn. Ó lẹ àwọn bébà náà mọ́ inú ìwé ńlá kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wo tirẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́. Ó ní tí ìlà bá wà lára bébà èèyàn, aràn náà ti wọ ara rẹ̀ rí, yóò sì lo oògùn. Tí kò bá sí, kò ní lo nǹkan kan.

Bébà Rachel funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlú Ẹdẹ ló ti wá, ó ti dàgbà kó tó dé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan odò Kúdẹtì rí. Inú rẹ̀ dùn ná, títí ó fi rí i pé gbogbo ilé ló ń tò síwájú ìwọ̀n, òun nìkan àti ọmọ ọwọ́ mẹ́ta ni kò sí nínú ẹ̀tò.

"Ṣé ẹ ò lè fún èmi náà ní díẹ̀?" ó bi Bọ́lájí.

"Ẹ ò nílò rẹ̀, Màmá. Kò sí nǹkan kan lára yín."

"Mo mọ̀. Nítorí ọjọ́ iwájú ni."

Ti Àkíbù kọ mẹ́rin. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó ní odò Kúdẹtì ni òun ti kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, nígbà tí òun kò tíì tó ẹni tó ń fọwọ́ kan abẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́dẹ òun kò tíì gbàgbé. Àṣàkẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọjú.

"Tèmi dà?"

Bọ́lájí fi hàn án. Márùn-ún ni, wọ́n ki, wọ́n sì dúdú. Gbogbo ọdún tí Àṣàkẹ́ fi ń fọ aṣọ lódò kí ẹ̀rọ omi tó dé àdúgbò ló wà níbẹ̀.

"Ó ju ti Bàbá Sìdí lọ," ni Àṣàkẹ́ wí, ó wo ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, nítorí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló to ìlà náà.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́," ni Àkíbù wí. "Iná ló kọ ọ́."

Hóró oògùn náà tóbi, ó sì korò. Bọ́lájí kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lò ó, ó sì ní òòyì lè máa kọ́ wọn, oorun sì lè máa kùn wọ́n, kí wọ́n má ṣe rìn jìnnà. Wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n lo oògùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sìn ín jáde dé òpópónà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, télọ̀ kan láti Bẹ́yẹrúnkà mú síṣọ́ọ̀sì wá fún pípọ́n. Ó bá Àkíbù lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sùn fọnfọn, Àṣàkẹ́ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, baálé ilé ń hanrun lórí àga, àwọn ọmọ sì sùn káàkiri bí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn. Rachel nìkan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó lajú sílẹ̀.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni télọ̀ náà bi í.

"Oògùn ni wọ́n lò," ni Rachel wí. "Wọn ò fún èmi." Ó gba síṣọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sábẹ́ àga Àkíbù, ó sì ní kó padà wá lọ́la.